Àmù Bàbá Láàrin Ọgbà

Alángbá mẹ́ta ni Àlàmínì bá nídìí àmù náà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin. Gbogbo wọn ti kú, gbogbo wọn sì kọjú sí àmù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó wọn, ó lọ jù wọ́n sódò kí ọmọ rẹ̀ tó jí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Ẹni tó ní aboyún nínú ilé kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ìtàn.

Èmi mọ ohun tó pa àwọn alángbá náà. Ànísátù ni orúkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mo sì ti ń ta aṣọ ní ọjà Katako ní Niamey yìí láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Èmi ni mo mú ẹni tó da oògùn náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó pò ó. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò dà nínú mi. Ẹ má ṣàánú mi o, ẹ fi àánú yín pamọ́ de àwọn tó ni í.

*

Kúbúrá ni ọ̀rẹ́ mi. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí òun àti Àlàmínì, Àlàmínì sì ni ẹ̀gbọ́n. Ìlọrin ni bàbá wọn, Àáfà Jàfárù, ti wá. Ogójì ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní àdúgbò Banifandou, ní Niamey níbí. Lẹ́nu ọ̀nà ilé kéwú rẹ̀ ni àmù amọ̀ kan wà, ó ga dé àyà àgbàlagbà, ojú ìka obìnrin tó mọ ọ́n ṣì hàn yí ọrùn rẹ̀ ká. Bí àwọn ọmọ bá fọ wàláà wọn, inú àmù yẹn ni wọ́n ń da omi rẹ̀ sí. A kì í da omi tí a fi fọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà tẹ̀ ẹ́. Odidi ogójì ọdún ni amọ̀ yẹn fi ń mu tàdáwà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá a wá bù mu níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò a wá fi bọ́jú.

Nígbà tí bàbá kú, Kúbúrá ń gbé inú ilé náà lọ, àmù sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Àlàmínì ní tirẹ̀ kì í ṣe àáfà. Nǹkan àtijọ́ ló ń rà. Ibi àwọn onírin àlòkù ní Katako ló ti bẹ̀rẹ̀, kó tó di ẹni tí àwọn olówó ń pè wá ṣe ọgbà wọn lẹ́ṣọ̀ọ́. Ilẹ̀kùn gbígbẹ́ láti Zinder, ọlọ tí ọwọ́ àwọn ìyá àgbà ti lọ̀ títí tó fi jìn kòtò, òpó iná láti ayé àwọn Faransé, gàárì ràkúnmí, gbogbo rẹ̀ wà nínú ọgbà tirẹ̀ ní Kirkissoye, létí odò, kò jìnnà sí afárá Kennedy. Ó mọ iṣẹ́ náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, "Ẹ má kó wọn jọ bí ìpàtẹ. Ẹyọ kan ṣoṣo, síbi tí ọ̀nà bá parí sí. Ẹ gbin ohun kúkúrú síwájú rẹ̀, ẹ gbin ewé tó dúdú sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má kùn ún lọ́dà. Ẹ jẹ́ kí ojú rìn débẹ̀, kó sì jókòó."

Láàrin ọgbà tirẹ̀, níbi tí ọ̀nà mẹ́rin ti pàdé, kò rí ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbé òpó iná síbẹ̀, ó gbé e kúrò. Ó gbé gàárì síbẹ̀, ó gbé e kúrò. Lọ́dún tí Kúbúrá lọ kí ará ilé ní Ìlọrin fún oṣù kan, Àlàmínì gbé ọkọ̀ lọ sí Banifandou, ó gbé àmù bàbá wọn, ó gbé e kalẹ̀ láàrin ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ojú jókòó. Kódà àwọn òyìnbó ń wá dúró ya fọ́tò níwájú rẹ̀.

*

Kúbúrá kò tíì tú ẹrù ìrìn àjò rẹ̀ tó fi kọjá afárá lọ bá a. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n jọ sọ.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Bàbá lẹ fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ yìí."

Àlàmínì dáhùn pé, "Bàbá kọ́, àmù ni. Ní Banifandou, adìyẹ ló ń yàgbẹ́ sí i lára. Níbí, ènìyàn ń dúró wò ó."

"Ẹ gbé e fún mi, mo bẹ̀ yín."

"Gbogbo ọ̀nà tó wà nínú ọgbà yìí, òun ni wọ́n ń lọ bá. Bí mo bá gbé e kúrò, ọgbà fọ́jú nìyẹn."

Wọ́n fà á títí. Níkẹyìn ni Àlàmínì sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Ó ní, "Ìwọ tí o ò bímọ, ta lo fẹ́ fi àmù sílẹ̀ fún?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Òótọ́ ni pé Kúbúrá kò bí. Àmọ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni Ummusalmah, ọmọ Àlàmínì, nígbà tí ìyá rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀, Kúbúrá ló sì gbà á. Òun ló fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́n, òun ló bá a wá wàrà ewúrẹ́ kiri Banifandou, òun ló fà á lé ọkọ lọ́wọ́, fún Boubacar, ọmọ ẹ̀yà Zarma tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní ìlú Dosso. Ummusalmah kò pe ẹlòmíràn ní ìyá rí. Ẹni tó mọ gbogbo èyí ló wá la ẹnu sọ pé kò bímọ.

Ó wá sí ìsọ̀ mi lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sórí àwọn àǹkárá, ó sunkún títí aṣọ fi tutù. Ó ní, "Ànísátù, mi ò fẹ́ kó kú. Mo fẹ́ kí ọgbà náà kọ̀ ọ́ ni, kí ó rí i pé àmù yẹn kì í ṣe nǹkan ìṣeré." Ká ní mo sọ pé kó lọ sùn ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọ̀rẹ́ mi, inú sì bí mi ju òun gan-an lọ. Mo ní mo mọ ẹnì kan.

*

Zima ni wọ́n ń pe oníṣègùn tó ń bá àwọn ẹ̀mí ṣiṣẹ́ lédè Zarma. Ẹ̀yìn àwọn tó ń la pákó ní Katako ni tiwa wà, ní yàrá kan tí ìyẹ̀fun igi ti bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé orúnkún. Ó wà lájò nígbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù márùn-ún kí a tó bá a. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, ó wọ jẹ́ẹ̀sì bọ́ọ̀lù, kò sì wò wá lójú. Ó kí wa pé, "Fofo," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Hausa bá wa sọ̀rọ̀ nítorí Kúbúrá kò gbọ́ Zarma.

Ó bèèrè pé, "Ta ló ń gbé inú ọgbà náà?"

Kúbúrá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi nìkan."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà nílé ọkọ ní Dosso. Òun nìkan ni."

Ó na ọwọ́. Kúbúrá gbé ekuru amọ̀ tí mo ti ní kó yọ́ lọ fi ìṣó ha lára àmù náà sí i lọ́wọ́. Bí ekuru ti kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀rọ tó ń la igi ní Katako dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní iná ló lọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ èémí ara mi nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, kò sì dùn mọ́ mi.

Ó di ìyẹ̀fun kan sínú ewé, ó ní inú àmù náà gan-an ni kí ó máa dà á sí, ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lákòókò tí àwọn ọkùnrin bá wà ní mọ́ṣáláṣí. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo túmọ̀ fún Kúbúrá, torí Zarma ló fi sọ ọ́: "Ohun tó bá ti so nínú ọgbà yẹn, kò ní gbó. Yóò rẹ̀ dànù."

Kúbúrá ronú nípa máńgòrò àti òdòdó. Èmi náà, òun ni mo rò.

*

Ummusalmah kò sí ní Dosso.

Oyún méjì ló ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kẹta dúró, Àlàmínì mú ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ Àáfà Àbdùlqúdùs, ẹni tó ń gbàdúrà fún un. Àáfà fi ìka tẹ yanrìn, ó wò ó pẹ́, ó ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá sílé bàbá rẹ̀ títí yóò fi bí. Ó ní kí ó má dé etí ẹ̀dá kankan. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ wá. A kì í kéde oyún. Ẹni tó ti sọ méjì nù, tirẹ̀ tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú iṣu ló ń fi ọ̀bẹ pamọ́ sí.

Ummusalmah bi bàbá rẹ̀ léèrè pé, "Ìyá mi ńkọ́, Baba? Mi ò ní sọ fún Ìyá mi?"

Àlàmínì kò lè wò ó lójú. Ìjà àmù náà ṣì gbóná lọ́rùn rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ọmọ gbọ́ ohun tó tẹnu òun jáde. Ó ní, "Bó o bá bí tán, òun la máa kọ́kọ́ pè. Àáfà ní kò gbọdọ̀ dé etí ẹnikẹ́ni."

Nítorí náà, yàrá ẹ̀yìn ọgbà ló ń gbé. Lọ́sàn-án gangan, wọn a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, nítorí aboyún kì í rìn nínú oòrùn ọ̀sán, ìgbà yẹn ni àwọn tí a kò rí máa ń kọjá. Bí Kúbúrá bá pè é lórí fóònù ní ọjọ́bọ̀, a ní, "Ça va, Ìyá mi. Dosso wà bó ṣe wà." Kúbúrá gbọ́ ohùn àdàbà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bi í bóyá àdàbà pọ̀ ní Dosso. Ummusalmah ní ó pọ̀ gan-an, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Láràárọ̀ ni Àáfà ń kọ wàláà fún un, tí ó ń fọ̀ ọ́, tí omi hàntú náà ń dé Kirkissoye nínú kẹ́ẹ̀gì. Àlàmínì ronú ibi tí yóò máa da á sí tí ẹsẹ̀ kò ní tẹ̀ ẹ́. Níbo ló tún tó àmù bàbá rẹ̀? Ibẹ̀ ló ń dà á sí. Ife kan ni Ummusalmah ń mu ní kùtùkùtù, yóò sì fi díẹ̀ pa ikùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Oyún náà ti pé oṣù méje. Ó ń tàpá, ó ń yí kiri, bàbá rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

*

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́, Kúbúrá tú wáyà tí wọ́n fi so géètì, ó wọlé. Ẹ̀rùn oṣù kẹrin ni, ilẹ̀ gbóná débi pé bàtà fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí ewé kan tó mì. Ó gba ọ̀nà títọ́ lọ bá àmù, ó rí omi nínú rẹ̀, ó rò pé omi òdòdó ni. Ó tú ewé, ó dà á sí i. Ìyẹ̀fun náà kò léfòó rárá, ó rì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nígbà tó yíjú padà, ó rí ìró obìnrin kan lórí okùn lẹ́yìn ilé, ìró tuntun. Ó dúró wò ó. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ti mú ìyàwó sílé, pé ìyẹn náà ló jẹ́ kó lẹ́nu tó fi ń bú ẹni tí kò bí. Ìgbésẹ̀ ogún péré ló wà láàrin òun àti ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọmọ rẹ̀.

Lóru ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé ni ti àwọn alángbá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, òdòdó tó yí àmù ká bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti ìdí wá. Máńgòrò wẹẹrẹ bọ́ sílẹ̀, ó kún ọ̀nà. Àwọn àdàbà lọ. Ummusalmah ní orí ń fọ́ òun, ẹsẹ̀ òun wú. Àlàmínì sáré lọ bá Àáfà, Àáfà tẹ yanrìn, ó sì fọwọ́ pa á rẹ́ kíákíá.

Ó ní, "Obìnrin ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ni. Má bi mí ní orúkọ, mi ò ní pè é."

Àlàmínì kò nílò orúkọ. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní. Àáfà fún un ní tírà kan tí wọ́n fi awọ ran, ó ní kí ó rì í sí abẹ́ géètì, ẹni tó bá gbé ibi kọjá lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ó sì ní kí wọ́n sọ omi hàntú di ife méjì lóòjọ́.

Ẹ rí i báyìí? Bí ara ọmọ náà ti ń burú sí i ni wọ́n ń fún un mu sí i. Bí mo bá rántí ife méjì yẹn, mo máa ń fẹ́ fi orí sọ ògiri.

*

Ní Jímọ́ọ̀ kẹta, Kúbúrá fi ẹsẹ̀ gbá irin ìsàlẹ̀ géètì. Kò ju ojú ọgbẹ́ kékeré kan lọ. Kí ó tó di alẹ́, ẹsẹ̀ ti wú dé orúnkún, ó ń dán. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ló fi igi tilẹ̀ wá sí ìsọ̀ mi. Ó ní òun fẹ́ dáwọ́ dúró. Ó sọ ọ́ fún mi, ẹ gbọ́ mi dáadáa, ó ní, "Ànísátù, ó ti tó. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Èmi ni mo ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti mọ̀. Wo ẹsẹ̀ rẹ. Ó fẹ́ pa ẹ́ kó lè jogún Banifandou pẹ̀lú. Àbí o fẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà?"

Ó wo ẹsẹ̀ náà, ẹ̀rù sì bà á. Mo mú un padà lọ sẹ́yìn pákó.

Zima kò jẹ́ ká wọlé. Ó wo ẹsẹ̀ náà láti ibi tó wà, ó ní ẹnì kan ń fi oògùn jà padà, pé tí a bá fẹ́ kó dúró, ó ní láti jẹ́ èyí tó parí rẹ̀. Ó gbé ìgò kékeré kan sílẹ̀ fún wa. Kò fi ọwọ́ lásán mú un, aṣọ ló fi dì í mú. Ó ní kí a má padà wá sọ́dọ̀ òun mọ́. Ajá kan tó sùn sẹ́nu ọ̀nà dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọjà lọ.

Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ mi rá wọ inú ọgbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Gbogbo ohun tó wà nínú ìgò náà ló dà sínú àmù. Ó sọ fún mi pé bí òun ti ń dà á, òun gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ nínú ilé, ikọ́ tó jọ ti ẹni tí òun mọ̀. Kò dúró gbọ́ èkejì.

*

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni fóònù Kúbúrá dún. Àlàmínì ni. Oṣù mẹ́fà ni wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Kúbúrá, wá. Wá, jọ̀wọ́. Ìwọ ló ń pè."

"Ta ló ń pè mí?"

"Ummusalmah. Ó wà níbí. Ọ̀dọ̀ mi ló wà láti oṣù kejì. Oyún ni, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀."

Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀. Ó kàn gbé ìborùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ kò dùn. Mo bá a wọ takisí. Lórí afárá, ó ń sọ nǹkan kan lábẹ́lẹ̀, mo rò pé àdúrà ni. Ohun tó ń sọ ni pé, "Mo bi í léèrè àdàbà. Mo bi í léèrè àdàbà."

A bá Ummusalmah lórí ẹní, ó ti funfun lójú, ikùn rẹ̀ dúró ṣánṣán lábẹ́ ìró tuntun yẹn. Ó rí Kúbúrá, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i. Ní ọwọ́ kejì, ó mú ife kan.

Ó ní, "Ìyá mi, ẹ má bínú, wọ́n ní kí n má sọ ni."

Kúbúrá ní, "Kí lò ń mu?"

"Hàntú ni. Láti inú àmù Bàbá àgbà. Baba ní tí mo bá mu púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ á dúró."

Kúbúrá gbá ife náà dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàmínì rò pé ìbínú ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìjà, ó ń sunkún, ó ní Kúbúrá ló bí ọmọ náà, pé ó bí i ju òun bàbá rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ. A ti ń gbé ọmọ lọ sínú takisí. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn wa, láàrin ọgbà. Kúbúrá ti gbé ọmọ ọlọ tó wà lára àwọn ẹ̀ṣọ́, ó fi fọ́ àmù bàbá rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Omi náà wọlẹ̀ lọ, ilẹ̀ gbígbẹ sì mu ún tán.

Bóyá ó fọ́ ọ kí oògùn náà lè dúró ni, bóyá kí a má baà rí i ni, kò sọ fún mi rí, mi ò sì bi í.

*

Ọkùnrin ni ọmọ náà. Ó mí fún ìwọ̀n àkókò tí Boubacar fi sáré dé láti Dosso. Boubacar gbé e, ó pe ìrun sí i létí ọ̀tún, ọmọ náà sì lajú wò ó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ.

Dókítà ọsibítù náà, obìnrin kan tó ní sùúrù, bèèrè ohun tí ìyá rẹ̀ ń mu. Ó ní ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn, kí wọ́n mú díẹ̀ wá nínú omi náà kí òun wò ó. Àlàmínì lọ sílé, ó bá àfọ́kù. Ó ní kò sí ohun tó kù. Dókítà náà sọ pé wọ́n ti gé nǹkan kan kúrò nínú Ummusalmah kí ẹ̀jẹ̀ lè dúró, pé ó máa yè, ṣùgbọ́n kò ní lóyún mọ́. Boubacar ń wí pé, "Kala suuru, kala suuru," bí àwọn Zarma ti máa ń sọ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ pé kí ó ní sùúrù. Ara rẹ̀ gan-an ló ń sọ ọ́ fún.

*

Ọjọ́ kẹjọ ni Àáfà Àbdùlqúdùs wá ṣe àdúrà nínú yàrá ẹ̀yìn ọgbà. A kò ju mẹ́fà lọ. Ummusalmah jókòó sórí ẹní, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ Kúbúrá. Láti ọsibítù ni kò ti jẹ́ kí Kúbúrá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ti ń gba oúnjẹ.

Àáfà gbàdúrà fún ọmọ tó lọ. A ṣe àmín. Ó gbàdúrà fún ìyá àti bàbá rẹ̀. A ṣe àmín. Ó wá gbé ọwọ́ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó ní, "Ẹni tó bá mọwọ́mẹsẹ̀ nínú ikú ọmọ yìí, Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kí ó rí ọmọ tí yóò máa pè é ní òbí, láyé yìí títí dé ọ̀run."

Gbogbo ilé ní, "Àmín." Èmi náà ṣe é, kíá, kí n tó rántí pé ọmọ mẹ́rin ni mo ní.

Kúbúrá kò la ẹnu.

Ummusalmah yíjú sí i. Ó rọra ní, "Ìyá mi, ẹ ò ṣe àmín."

Kúbúrá wo ọwọ́ ọmọ náà nínú tirẹ̀. Ó ní, "Èmi ni. Mi ò mọ̀ pé o wà níbí. Wọ́n ní Dosso lo wà, ìwọ náà sọ fún mi pé Dosso lo wà. Ọgbà ni mo ń bá jà. Èmi ni mo dà á sínú àmù, ọmọ mi, ọwọ́ mi yìí ni."

Kò dárúkọ mi. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò ṣe é. Mo jókòó níbẹ̀, mo fi eyín di etí ìborùn mi mú. Àlàmínì fi orí balẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀, nítorí ó mọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ tó bí gbogbo rẹ̀. Boubacar, tí kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ohun tí wọ́n sọ.

Ummusalmah kò gbá a létí. Ó wò ó pẹ́. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Lẹ́yìn náà ló yọ ọwọ́ rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn jọ sórí ikùn rẹ̀ tó ti rọ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣe àmín, Ìyá mi."

Kúbúrá ní, "Ummusalmah."

"Gbogbo wa ti ṣe é. Ó ku ẹ̀yin."

Àáfà ti ń fẹ́ sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun yí àdúrà náà padà, ṣùgbọ́n Kúbúrá ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ṣe àmín. Ohùn rẹ̀ jáde ketekete, gbogbo wa sì gbọ́ ọ.

Wọ́n mú Ummusalmah lọ sí Dosso lọ́jọ́ kejì. Ó kí gbogbo wa lórúkọ kí ó tó wọ ọkọ̀. Nígbà tó kan Kúbúrá, ó ní, "Ó dàbọ̀, àbúrò Baba mi." Kò tún pè é ní nǹkan mìíràn mọ́ títí di òní.